Ìlà Wúrà ní Ọjọ́ Ajé

Mi ò fẹ́ràn Alájì láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní tìtorí pé ó ti dàgbà kí n wá máa pọ́n ọn lé nínú ìwé tèmi. Àwọn sọ́jà Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ogun Làìbéríà ló bá dé Monrovia. Kì í ṣe sọ́jà o, ó kàn ń bá wọn tọ́jú ilé ẹrù ni. Nígbà tí àwọn sọ́jà kó ẹrù wọn lọ, òun dúró. Ó ta aṣọ, ó ta bátìrì, ó fìgbà kan ta omi inú ọ̀rá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò lójú mọ́, ó di olùkọ́ àwọn tó ń fi fóònù ra wúrà tí wọn ò ní í fojú rí láéláé. Ní gbogbo Jímọ̀, tí a bá ti kírun tán, yàrá kan lẹ́yìn mọ́sálásí wa ní Lakpazee á kún fọ́fọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wo ìlà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìlà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kíá. Ẹni tó ń ra wúrà lórí fóònù fẹ́ mọ ibi tí iye rẹ̀ lè ti yí padà lónìí. Á wo ti àná: ibi tó ga jù, ibi tó wálẹ̀ jù, àti ibi tó parí sí. Á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ibẹ̀ ni ìlà àárín. Láti ara ìlà àárín yẹn ni á ti wá ìlà mẹ́ta sókè àti mẹ́ta sísàlẹ̀. Kò ju ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Àmọ́ ta ló fẹ́ máa ṣírò láràárọ̀? Ìyẹn ni àwọn èèyàn ṣe kọ ètò kéékèèké tó ń dá ìṣirò náà ṣe, tó sì ń fa ìlà sójú fóònù. Indikétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Alájì ní tirẹ̀, ó sì máa ń fi yangàn pé aago Monrovia lòun fi ṣe é, kí àwọn èèyàn òun má bàa máa yọ wákàtí kúrò nínú wákàtí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ irú ètò bẹ́ẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Èmi á jókòó ní yàrá mi ní Sinkor, màá wò ó bóyá ibi tí ètò fa ìlà sí ló yẹ kó fà á sí. Mo ní bí mo ṣe ń ṣe é. Màá ju ìborùn bo ojú kọ̀ǹpútà, màá mú ìwé ìṣirò àti pẹ́ńsùlù, màá ṣírò tèmi tán pátápátá kí n tó ṣí ìborùn kúrò. Ojú tó bá ti rí ìdáhùn kì í ṣírò mọ́, ṣe ló ń wá bó ṣe máa gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ mi. Mi ò ní í purọ́ ìrẹ̀lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òfin mi kejì ni pé mi kì í fọwọ́ kan nọ́ńbà ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ méjèèjì ni mo máa ń gba ààwẹ̀ sùnnà. Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, tí ebi ń pa mí, mo kọ mẹ́fà sí ibi tó yẹ kí n kọ mẹ́sàn-án sí, àwọn ará òkèèrè sì kọ lẹ́tà kan sí mi tí mi ò tíì gbàgbé. Láti ìgbà náà ni mo ti ya ọjọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Mo kà á sí ọgbọ́n.

Bùrọ̀dá mi, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Òun ló wò mí dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa ti ń ta páàtì ọkọ̀ ní Lakpazee ló fi ṣe é. Bàbá wa tìkára rẹ̀ ló ní kí wọ́n rọ irin ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lásìkò ogun, ó gbẹ́ ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ri àwọn bẹ́árìn ọkọ̀ sínú rẹ̀, ó da símẹ́ńtì bò ó, ó sì sá lọ. Nígbà tó padà, wọ́n ti kó gbogbo nǹkan lọ àfi èyí tó wà nínú ilẹ̀. Òun ló fi tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tó dí padà yẹn hàn nínú ilẹ̀ títí di òní, bùrọ̀dá mi a sì máa fi ẹsẹ̀ nù ún tó bá ń ronú.

Ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni bùrọ̀dá mi fẹ́ tà, kó lè jókòó ti wúrà orí fóònù. Alájì ti gbà á lọ́kàn. Bùrọ̀dá mi ní páàtì kò tà bíi tàtijọ́ mọ́, ó ní ẹrù a máa pẹ́ jù ní èbúté Freeport, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Èmi náà sọ tèmi, mo sọ ọ́ kíkan kíkan. Mo ní adìẹ tó ti sọnù ni Alájì ń júwe fún un, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í tẹ̀ ẹ́. Ó ní gbogbo ayé mọ̀ pé mo kórìíra Alájì, pé kò sí ohun tí ọkùnrin náà máa ṣe tó máa dáa lójú mi. Òótọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo kórìíra rẹ̀, ẹni tí ò bá kórìíra rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n ni. A bá ara wa jà títí ìyàwó bùrọ̀dá mi fi gbé abọ́ kúrò níwájú wa.

Ní ọjọ́ kejì ló wá bá mi ní Sinkor. Kò jókòó.

“Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí,” ó wí. “Yẹ ètò Alájì wò. Tó o bá ní ó wọ́, mi ò ní ta ṣọ́ọ̀bù. Tó o bá ní ó tọ́, má bá mi sọ ọ́ mọ́.”

Mo ní ó dáa. Nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu kì í padà sínú, bàbá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Inú mi tiẹ̀ ń dùn. Mo rò pé Ọlọ́run ló fi Alájì lé mi lọ́wọ́.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo bo ojú kọ̀ǹpútà, mo ṣírò, mo ṣí ìborùn. Ìlà méjèèje wà níbi tí mo kọ wọ́n sí, kò fi ẹyọ kan yẹ̀. Mo pòṣé. Ní Ọjọ́rú, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo gbààwẹ̀. Ní Jímọ̀, ó tún tọ́. Mo ní ó lè jẹ́ oríire, mo tún fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Mo fo ọjọ́ Ajé, mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fo Ọjọ́bọ̀, mo parí ní Jímọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo bo kọ̀ǹpútà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Alájì jàre. Mo wá àṣìṣe nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí, mi ò rí i. Ó dùn mí dé egungun.

Bùrọ̀dá mi ò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún òun nìkan. Ó ní bí mo ṣe ń bú Alájì ní gbangba, gbangba náà ni kí n ti sọ èyí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ náà mo tẹ̀lé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn mọ́sálásí, mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo sì sọ pé mo ti yẹ ètò náà wò, ó tọ́. Alájì gbé ọwọ́ sí etí, ó ní òun ò gbọ́ dáadáa, etí àgbà ni. Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn alámọ̀jù, ó ti gbà láti bá àwa ará ìsàlẹ̀ ṣe lónìí. Ojú mi ń gbóná. Mo fẹ́ jáde, àmọ́ bùrọ̀dá mi ní kí n dúró kí olùkọ́ parí ẹ̀kọ́.

Bó ṣe ń parí ẹ̀kọ́ ló sọ èyí, bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní gbogbo Jímọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣí ètò náà ní ọjọ́ Ajé. Ó ní ọjà kì í tíì jí dáadáa lọ́jọ́ náà, ojú oorun ló ṣì fi ń wo èèyàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ń kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn àgbàlagbà tó ní ọmọ. Mo tún pòṣé nínú ara mi. Mo kà á mọ́ ìsọkúsọ rẹ̀ tó kù, mi ò sì rò ó síwájú.

Bùrọ̀dá mi rí oníbàárà láàárín oṣù kan. Ọkùnrin kan tó ń ta táìlì ni, ó fẹ́ fẹ ibi tirẹ̀ sí i. Ní Àbámẹ́ta, bùrọ̀dá mi pè mí, ó ní ọjọ́ Ajé, tó bá di ìyálẹ̀ta, òun máa fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ohùn rẹ̀ kò dùn. Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Mo ti ní ó tọ́.

Ọjọ́ Ajé yẹn, mi ò gbààwẹ̀. Nǹkan oṣù mi ti dé láti ọjọ́ Àìkú, obìnrin kì í sì í gbààwẹ̀ nínú rẹ̀. Òjò ti rọ̀ láti ìdájí, iná wà, mo mu tíì, mo wá iṣẹ́ ṣe kí n má bàa máa ro ti ṣọ́ọ̀bù. Ètò Alájì ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo bo ojú rẹ̀. Mo wo ọjọ́ tí ọjà wúrà ná gbẹ̀yìn, ìyẹn Jímọ̀. Mo ṣírò, mo ṣí ìborùn.

Ìlà méjèèje rún mọ́ ara wọn bí èèyàn inú kéké lásìkò òjò. Tèmi jìnnà síra dáadáa lórí ìwé. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo ṣì í. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ètò náà ti mú nọ́ńbà tirẹ̀, mo sì rí i. Kò mú ti Jímọ̀. Ti ọjọ́ Àìkú ló mú.

Ọjà wúrà máa ń kógbá sílé ní alẹ́ Jímọ̀, á sì tún ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Lásìkò òjò, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń ṣí ní Monrovia. Ẹ ò rí i pé ó ku wákàtí méjì péré kí ọjọ́ Ajé tó bẹ̀rẹ̀ lórí aago wa. Ní ibi tí aago wọn fi wákàtí mẹ́ta ṣíwájú tiwa, ọjà náà ò bá Àìkú rárá, inú ọjọ́ Ajé ló ti ṣí. Mo rí i nínú ètò náà pé irú aago bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ lò. Alájì, tó ní òun lòun kọ ọ́, kò kọ nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe ni pé ó yí aago padà sí ti Monrovia kí inú àwọn èèyàn rẹ̀ lè dùn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ wákàtí méjì di odindi ọjọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, wákàtí méjì tí ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ń na ara ni ètò náà fi ń fa ìlà tí èèyàn máa fi gbogbo ọjọ́ tẹ̀lé. Ó sì mọ̀. Ìyẹn ló ṣe ní kí wọ́n má ṣí i.

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo wọ bàtà, mo mú ìwé ìṣirò, mo bá kéké lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Fóònù wà lọ́wọ́ mi o, kí n má purọ́. Mo lè pe bùrọ̀dá mi kí n ní ó wọ́, kó dá kọ́kọ́rọ́ dúró. Àmọ́ mo ro bó ṣe máa rí: èmi tí mo ti ní ó tọ́ níwájú gbogbo ènìyàn, màá wá ní ó wọ́, Alájì á ní mo tún bẹ̀rẹ̀ ìkórìíra mi. Mi ò fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan lọ. Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ẹnu Alájì lọ. Mo fẹ́ kí ó sọ ọ́ kí n gbọ́.

Kéké gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá wa kọjá. Bùrọ̀dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lábẹ́ páànù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ sí mi. Mo yíjú sí iwájú. Mo ní kí oníkéké máa lọ.

Mo bá Alájì nílé rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní kí n jókòó kí òun jẹun tán, àgbà kì í fi ẹnu tó kún sọ̀rọ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fọ ọwọ́. Mo tẹ́ ìwé mi síwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì pè é ní ohun tó jẹ́. Kò bínú. Ó wo ìwé náà títí, ó gbé ojú sókè.

“Ọjọ́ wo lo yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó o ní ó tọ́?”

Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Jímọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì.

“Ọ̀sẹ̀ méjì,” ó wí. “Ọjọ́ Ajé kọjá lójú ẹ. Èmi ní kí wọ́n má ṣí i lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo ní ó tọ́.”

Ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn. Mi ò dìde, torí kò tíì sọ ohun tí mo wá gbọ́. Mo fi fóònù mi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìborùn mi, mo sì ń bi í ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ó yí mi lọ, ó yí mi bọ̀. Ó sọ̀rọ̀ ogun, ó sọ̀rọ̀ bàbá mi, ó ní ọ̀rẹ́ òun ni, irọ́ ni. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló tó sọ ọ́: òun ti mọ̀ ó tó ọdún kan pé ìlà ọjọ́ Ajé kò dáa, kò sì sí ẹni tó mọ bó ṣe máa tún un ṣe nínú gbogbo wa. Mo pa fóònù. Mo bọ́ síta, inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé òjò ń pa mí. Mo ti mú un.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, àgádágodo tuntun wà lára irin bàbá wa. Oníbàárà náà ń bá àwọn ẹlẹ́rìí méjì bọ ọwọ́. Bùrọ̀dá mi ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ wálẹ̀, bí èèyàn ṣe ń ṣe tí àdúrà bá parí. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé fóònù sí i létí, ohùn Alájì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ketekete. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Mo ní kí á dá owó padà, kí á bẹ oníbàárà náà. Bùrọ̀dá mi mi orí.

“Wọ́n ti ka Fátíhà sí i,” ó wí.

Láàárín wa níbẹ̀, ọjà tí wọ́n bá ti ka Fátíhà sí ti parí, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ kò lórúkọ mọ́. Kò sì bá mi jà. Ì bá dáa ká ní ó bá mi jà.

Kò ra wúrà kankan, ohùn Alájì ti gba ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àmọ́ owó ṣọ́ọ̀bù kò tó ra ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Lakpazee. Ó ń bá aṣojú kan tó ń bá èèyàn yọ ẹrù ṣiṣẹ́ ní Freeport báyìí, ó ń gbé ìwé láti fèrèsé kan sí òmíràn, ó sì ń pe ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ní ọ̀gá. Alájì ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn ní gbogbo Jímọ̀. Mo gbé ohùn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Àwọn kan gbọ́, wọ́n ní ṣebí ó ti ní kí àwọn má ṣí i lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ kan mo lọ kí bùrọ̀dá mi nílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Freeport dé, ó ń yọ ìbọ̀sẹ̀ tó tutù. Ó bi mí ní ohun tí kò tíì bi mí rí, láìgbé ojú sókè.

“Lọ́jọ́ yẹn, kéké rẹ kọjá kí oníbàárà tó dé. Mo juwọ́ sí ẹ. O ò rí mi ni, àbí?”

Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ bóyá nǹkan tọ́ tàbí kò tọ́. Mo wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tí omi ti sọ di funfun.

“Mi ò rí yín, Bùrọ̀dá,” mo wí.

Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀.